Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ni ó sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé kò tíì yé wa. Nígbàkúùgbà tí ìpàtẹ ọjà àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ àti àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ láàrin wa bá ti ń gbára dì fún ìrìn àjò, ohun tí à ń bá ara wa sọ ní ìpàdé kì í ju mẹ́ta lọ: irú aṣọ tí a ó jọ dá, onílù tí yóò bá wa lọ, àti bí aṣọ ìkéde tí a ó ta sí iwájú ìsọ̀ wa yóò ti fẹ̀ tó. A kò kórìíra aṣọ, a kò sì kórìíra ìlù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé: kí ni orúkọ ohun tí à ń kó lọ? Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Èló ni ó ná wa kí ó tó di ọjà? Ta ni ó ṣe é, ǹjẹ́ ẹni náà sì wà nínú ọkọ̀ tí ń lọ?

Èrò tiwa nìyí, a kò sì ní fi bò: bí a kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí kí a tó kúrò ní Kútọnu, ó sàn kí a jókòó sílé. Ẹni tí ó kó ohun ọ̀ṣọ́ tí kò lórúkọ lọ sí ìpàtẹ kò lọ tajà; ó lọ fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba rẹ̀ tọrẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń lọ. Ìpàtẹ ńlá tí ó sún mọ́ wa ni ti Wagadugu, olú ìlú Burkina Faso, èyí tí a mọ̀ sí SIAO. Ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n sì fi í sí ọdún méjì-méjì. Níbẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà Tuareg ti ń pàtẹ, níbẹ̀ ni àwọn tí ń rọ idẹ ní Burkina fúnra rẹ̀ ti ń pàtẹ, níbẹ̀ náà ni àwọn tiwa láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ń pàtẹ. Ní Vicenza, ní ilẹ̀ Ítálì, ohun ọ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n ń pàtẹ ní oṣù kìíní àti ní oṣù kẹsàn-án. Oníṣòwò ni wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún, kì í ṣe òǹwòran. Bí ìpàtẹ ti Wagadugu tilẹ̀ jẹ́ ibi tí ará ìlú ń rọ́ lọ ṣe fàájì, ẹni tí ó lè yí ìgbé ayé oníṣẹ́-ọwọ́ wa padà níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó wá jó. Ẹni tí ó mú ìwé àti kálámù dání ni, tí ó ń béèrè pé: bí mo bá fẹ́ ọgọ́rùn-ún irú èyí, ọjọ́ wo ni n ó rí i gbà?

A ti fi ojú ara wa rí i. Ní ìpàtẹ kan tí a bá wọn dé, ìyá kan tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Láàrin rẹ̀ ni ẹ̀gbà ọrùn kan wà, tí òun fúnra rẹ̀ ronú ọ̀nà tí ó gbà sín in. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀. Àlejò kan dé, ó kí ìyá náà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ya gbogbo ọjà náà ní àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì wọn gígùn wọn. Ó béèrè iye tí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ yóò jẹ́. Ìyá wo ojú wa. Àwa náà wo ojú ìyá. Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ibi tí a ti lè kàn sí i. Kò sí ìwé pélébé kan tí a lè fà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, ó ra ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú wa dùn ní ọjọ́ náà pé àlejò fẹ́ràn iṣẹ́ wa. Lónìí, ojú ń tì wá. Ọkùnrin náà kò ra ẹ̀gbà ọrùn. Àpẹẹrẹ ni ó rà, a sì tà á fún un ní iye owó ẹ̀gbà ọrùn kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé à ń ṣe àsọdùn, kí ó wo ìtàn. Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn wa ti ń dé ibi ìpàtẹ. Ní ọdún 1893, wọ́n kọ́ abúlé kan ní ìpàtẹ ńlá Chicago, wọ́n pè é ní abúlé Dàhòmì, wọ́n sì kó ènìyàn sínú rẹ̀ kí àwọn òǹwòran lè sanwó wò wọ́n. Ní ọdún 1931, ní ìpàtẹ àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Vincennes, lẹ́bàá Páríìsì, Dàhòmì tún ní ilé tirẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kọjá níwájú iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ ni a pàtẹ. Àwa ni wọ́n fi pàtẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí ń pàtẹ ọjà àti ẹni tí a fi ṣe ọjà kò sí nínú aṣọ tàbí nínú ìlù. Ẹni tí ń pàtẹ mọ orúkọ ọjà rẹ̀, ó mọ iye rẹ̀, ó sì lè sọ pé rárá. Bí a bá dé Wagadugu lónìí pẹ̀lú ijó, láìní orúkọ, láìní iye owó, a ti fi ẹsẹ̀ ara wa padà sí Chicago nìyẹn.

Ìtàn ìlẹ̀kẹ̀ tilẹ̀ burú ju èyí lọ. Àwọn kan ṣì gbà pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òkèèrè ni ó ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ibi tí Leo Frobenius ará Jámánì dé ní ọdún 1910, ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà gíláàsì náà kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọn baba wa kò kàn wọ ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n yọ́ gíláàsì, wọ́n fà á, wọ́n gé e.

Ìlọrin náà ní tirẹ̀. Òkúta pupa tí wọ́n ń kó wá láti òkè ni àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ń gé, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń lu, títí yóò fi di làǹtànà, ìlẹ̀kẹ̀ ọba àti ìlẹ̀kẹ̀ ọlọ́lá. Àwọn agboolé tí ń ṣe é sọ pé láti Ọ̀yọ́ Ilé ni iṣẹ́ náà ti bá wọn wá. Ṣùgbọ́n ní Idar-Oberstein ní Jámánì, àwọn tí ń gé òkúta rí irú ìlẹ̀kẹ̀ tí Áfíríkà ń fẹ́. Wọ́n kó òkúta láti Brazil, wọ́n fi iná àti oògùn sọ ọ́ di pupa, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, wọ́n sì kó o wá sí ọjà wa. Ní Gablonz ní ilẹ̀ Bòhímíà, tí ó wà lábẹ́ ọba Ọ́síríà nígbà náà, bákan náà ni. Àwọn aṣojú oníṣòwò ń lọ káàkiri ọjà Áfíríkà, wọ́n ń kó àpẹẹrẹ padà sílé. Wọn a lẹ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi gíláàsì fara wé e mọ́ ara páálí, pẹ̀lú nọ́ńbà, kí oníbàárà lè yan èyí tí ó wù ú. Oníṣẹ́ Ìlọrin tí ń lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ẹyọ kan kò lè bá ẹ̀rọ du owó. Iṣẹ́ náà rọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parun.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì ìtàn náà, nítorí òun ni ó yẹ kí ó dùn wá jù lọ. Ní ọdún 1873, ìlú Vienna, olú ìlú ọba Ọ́síríà yìí kan náà, pe gbogbo ayé sí ìpàtẹ ńlá. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ní àwọn kò wá. Wọ́n ní kò sí òfin tí yóò dáàbò bo ohun tí àwọn fi ọpọlọ àwọn ṣe. Bí àwọn bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọn yóò jí i. Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni ìjọba Ọ́síríà fi ṣe òfin pàtàkì kan láti dáàbò bo àwọn àlejò tí yóò pàtẹ. Láti inú ọ̀ràn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè fi bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò tí ó yọrí sí Àdéhùn Páríìsì ti ọdún 1883 lórí ohun-ìní iṣẹ́-ọpọlọ. Abala kan wà nínú àdéhùn náà títí di òní tí ó dá lórí ọjà tí a kó lọ sí ìpàtẹ àgbáyé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Lábẹ́ ọba kan ṣoṣo, wọ́n ń ṣòfin kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe àwòkọ iṣẹ́ àlejò tí ó wá sí Vienna, wọ́n sì ń tẹ ìlẹ̀kẹ̀ tí ó fara wé tiwa ní Gablonz. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ohun tí olè jíjẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ jẹ́. Àwọn tí ó kọ̀ láti lọ sí Vienna gbọ́n ju wa lọ. Wọ́n mọ̀ pé tábìlì ìpàtẹ ní ojú méjì, ó ń fi ọjà han ẹni tí yóò rà á, ó sì ń fi í han ẹni tí yóò ṣe àwòkọ rẹ̀. Àwa ti ń lọ sí ìpàtẹ láti ọjọ́ yìí, a kò tíì béèrè ìbéèrè tí wọ́n béèrè ní 1873.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: orúkọ. Kì í ṣe pé òfin kò sí fún wa. Orílẹ̀-èdè wa wà nínú OAPI, àjọ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yaoundé, tí Àdéhùn Bangui ti ọdún 1977 gbé kalẹ̀ bí ó ti wà lónìí. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó wà nínú rẹ̀, Burkina Faso sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, ààbò rẹ̀ dé gbogbo wọn. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀dá ìrísí tuntun, irú ẹ̀gbà ọrùn ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, lè fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun-ìní tirẹ̀; ọdún 5 ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un, ó sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ó di ọdún 15. Ṣùgbọ́n ìrísí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Èyí ni pé kí a tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni ó ti yẹ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti yà á ní àwòrán tán.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń sọ pé iṣẹ́ àjogúnbá kì í ṣe ti ẹnì kan, nítorí náà kò sí ohun tí a lè kọ sílẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ òtítọ́. Ọnà tí ìyá-ìyá wa ti ń sín kò lè di tuntun lónìí, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà fi àyè sílẹ̀ fún àmì àjùmọ̀ní: àwọn oníṣẹ́ tí ó kó ara wọn jọ lè ní àmì kan tí yóò máa wà lára iṣẹ́ wọn, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò. Àyè tún wà fún orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá. Ọ̀pẹ̀yìnbó Allada, èyí tí wọ́n ń pè ní Pain de sucre, ti gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ OAPI ní ọdún 2021. Bí ọ̀pẹ̀yìnbó bá lè ní orúkọ tí òfin mọ̀, kí ni ó ṣe ìlẹ̀kẹ̀? Kí ni ó ṣe idẹ Agbómẹ̀? Ohun kan ṣoṣo ni ó ṣe wọ́n: àwọn tí ń gbin ọ̀pẹ̀yìnbó kó ara wọn jọ, àwa ń dá aṣọ.

Ìbéèrè kejì ni pé kí ni ó wà nínú ọjà wa. Ibí ni ọ̀rọ̀ yóò ti ro àwọn kan lára. Ẹ lọ sí ọjà Tọ̀kpá ní ọjọ́ tí ó bá wù yín. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ óò rí níbẹ̀, ṣáínà ni ó ti wá. Òmíràn jẹ́ gíláàsì láti Yúróòpù, òmíràn sì jẹ́ ike tí wọ́n kùn ní àwọ̀ iyùn. Oníṣẹ́ wa ra á, ó sín in, ó sì gbé e dé orí tábìlì pẹ̀lú àkọlé pé ìlẹ̀kẹ̀ ìbílẹ̀ Yorùbá ni. Irọ́ ni. Irọ́ náà sì ń pa wá lára ju bí ó ti ń pa oníbàárà lára lọ, nítorí pé ẹni tí ó mọ ìlẹ̀kẹ̀ yóò wo ẹyọ kan, yóò mọ ibi tí ó ti wá, kò sì ní gba èyí tí ó jẹ́ tiwa lódodo gbọ́ mọ́. Àǹfààní tí UEMOA fi fún iṣẹ́-ọwọ́ ìbílẹ̀ pàápàá, pé kí ó kọjá bodè láàrin àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìsan owó bodè, kò wà fún ọjà tí a rà láti òkèèrè.

A kò sọ pé kí a má lo ohun tí ó ti òkèèrè wá. Iyùn tí àwọn ọba wa ń wọ̀, inú òkun Mẹditaréníà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ti wá, láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Kò sì dín iyì adé kù. Ohun tí a sọ ni pé kí a kọ òtítọ́: gíláàsì rèé, ibi tí ó ti wá rèé, ọwọ́ ẹni tí ó sín in rèé. Ọnà sísín ni ọgbọ́n tiwa. Kí a ta ọgbọ́n náà ní orúkọ rẹ̀, kí a má fi irọ́ bò ó. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, pàápàá jù lọ lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta wúrà àti fàdákà.

Ti idẹ tún le. Ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń yọ́ ni ẹ̀rọ omi tí ó ti bàjẹ́, àgádágodo àtijọ́ àti àjákù irin ọkọ̀. A kò bú wọn. Ọgbọ́n ni láti sọ àkísà di ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń po òjé mọ́ irú idẹ bẹ́ẹ̀ kí ó lè rọrùn fún ẹ̀rọ láti gé. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí òjé inú ohun ọ̀ṣọ́ ju ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé nínú ẹ̀gbà ọwọ́ tí ó wọn gírámù 100, òjé kò gbọdọ̀ ju ìlàjì ìdá kan nínú mẹ́wàá gírámù lọ. Ó ní ìwọ̀n fún kádmíọ̀mù, ó sì ní fún níkẹ́ẹ̀lì tí ń mú kí etí wú nígbà tí a bá fi yẹtí sí i. Oníṣòwò tí ó fẹ́ ra ẹ̀gbà ọwọ́ 200 yóò béèrè ìwé àyẹ̀wò. Bí a kò bá ní in, kò ní bínú, kò ní jà. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì lọ sí ìsọ̀ kejì. Kí á tilẹ̀ gbàgbé oníṣòwò: òjé yìí kan náà ni ọmọ iṣẹ́ ń fà símú nígbà tí ó bá ń fẹ́ná. Àyẹ̀wò tí à ń béèrè kì í ṣe nítorí òyìnbó nìkan.

Ti wúrà àti fàdákà kò ní àríyànjiyàn nínú. Wúrà tí a ń pè ní kárátì 18 gbọ́dọ̀ ní ìdá 750 wúrà nínú 1,000. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1838 ni wọ́n ti ń lu òǹtẹ̀ orí ẹyẹ idì sí ara irú wúrà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń lu orí Minerva sí ara fàdákà. Oníbàárà kì í béèrè ọ̀rọ̀ ẹnu alágbẹ̀dẹ. Òǹtẹ̀ ni ó ń wò. Alágbẹ̀dẹ tiwa ń búra. Ìbúra kì í ṣe ìwọ̀n. Kí olúkúlùkù ní òṣùwọ̀n tí ó péye, kí ó kọ ìwọ̀n gírámù àti kárátì sí ara gbogbo ohun tí ó bá kó lọ. Ẹni tí ó bá sì ṣì ní eyín erin nílé, kí ó fi í sílé: láti ọdún 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fòfin de òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí ìkejì. Ẹ̀gbà eyín erin kan ṣoṣo lè mú kí àwọn aṣọ́bodè dá gbogbo ẹrù ọkọ̀ dúró.

Ìbéèrè kẹta ni iye owó. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ká ní ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀gbà ọrùn kan jẹ́ 4,000 fráǹkì, okùn àti ìkọ́ rẹ̀ jẹ́ 500, oníṣẹ́ sì lo ọjọ́ méjì, tí a fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí 3,000. Ìyẹn jẹ́ 6,000. Ká ní ìpín ẹ̀gbà náà nínú owó ọkọ̀, owó ìsọ̀ àti owó ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,000. Bí a bá tà á fún aràtúntà ní 15,000, a jèrè 3,000. Bí a bá tà á ní ẹyọ kan fún ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, ó yẹ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí aràtúntà náà lè rí tirẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n kí ni a ń ṣe? A ń ka owó ìlẹ̀kẹ̀ àti owó okùn nìkan, a ní 4,500 ni ó ná wa. Oníbàárà bá ná an sí 9,000, a bú sẹ́rìn-ín, a ní èrè ti di ìlọ́po méjì. Ní òótọ́, 3,000 ni a pàdánù. Àdánù náà kò hàn nítorí pé ọjọ́ ayé oníṣẹ́ ni a fi san án, a kò sì kọ ọjọ́ ayé ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìṣirò wa.

Èyí ni ó mú wa dé ìbéèrè kẹrin, tí a mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Ta ni ó wà nínú ọkọ̀? Nígbà tí àyè bá jẹ́ mẹ́wàá, olóyè ẹgbẹ́ yóò gba méjì, akọ̀wé yóò gba ọ̀kan, ẹni tí ó mọ ẹni tí ó wà ní ọ́fíìsì yóò gba ọ̀kan, onílù yóò gba mẹ́ta. Oníṣẹ́ yóò di ẹrù rẹ̀ fún wọn, yóò ní kí wọ́n bá òun tà á. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí a ń ṣe gan-an nìyẹn: a gba ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó sín in, a fi ọlá rẹ̀ wọ ẹlòmíràn. Olóyè kò lè sọ fún oníṣòwò bí a ti ń sín ọnà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣèlérí pé ọgọ́rùn-ún yóò pé láàrin oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ó ṣe é nìkan ni ó lè dáhùn, òun ni a sì fi sílẹ̀ ní ilé.

A ti gbọ́ àwọn tí ó ní oníṣẹ́ kò gbọ́ Faransé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin ni èsì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ ń ka ojú ewé Yorùbá, ẹ sì ń ka ojú ewé Faransé. Ẹ jókòó ti ìyá tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ní Kétu, ẹ jókòó ti alágbẹ̀dẹ ní Àjàṣẹ́. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ ní èdè méjèèjì, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ fi déètì sí i. Ìwé tí ó ní àwòrán, orúkọ àti déètì jẹ́ ẹ̀rí ní ọjọ́ àríyànjiyàn. Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni, ó sì wúlò ju orin ìkíni káàbọ̀ lọ.

Àwọn mìíràn ní bíbò ni ó pa iṣẹ́ wa, pé ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbé àṣírí lọ sí sàréè. Wọ́n ní kí a tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ayé rí i. A bá wọn kẹ́dùn àwọn àgbà náà. Ṣùgbọ́n kíkọ orúkọ sílẹ̀ kì í ṣe bíbò. Ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni. Ohun tí a bò yóò kú pẹ̀lú ẹni tí ó bò ó; ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ láìlórúkọ yóò yè lọ́wọ́ ẹlòmíràn; ohun tí a kọ sílẹ̀ ni yóò yè lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ní kò sí owó. Kí wọ́n ka iye tí a ná sórí aṣọ àti aṣọ ìkéde ní ìgbà tí ó kọjá, kí wọ́n sì sọ fún wa bóyá kò sí owó tàbí pé a ti ná an.

Nítorí náà, a ń gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, a sì ń béèrè kí a dìbò lé e. Kí ẹgbẹ́ má ṣe fi orúkọ rẹ̀ sí ẹrù tí kò ní ìwé orúkọ, ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Kí owó aṣọ ti ọdún yìí di owó àmì àjùmọ̀ní àti owó àyẹ̀wò idẹ. Kí àyè méje, ó kéré tán, nínú gbogbo mẹ́wàá jẹ́ ti àwọn tí ọwọ́ wọn ṣe ọjà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wà pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Bí a kò bá lè ṣe èyí kí ìpàtẹ tí ń bọ̀ tó dé, kí a jẹ́ kí ó kọjá, kí a múra sílẹ̀ fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ọdún méjì kì í ṣe ayérayé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwa ti gbọ́ tiwa láti ọdún 1873.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ó ti ronú ọ̀nà mìíràn, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ní kí a bá òun mú un lọ nígbà tí ìpàtẹ bá dé. A kò tíì dá a lóhùn. Ohun tí ìpàdé bá fi ẹnu kò lé lórí ni yóò jẹ́ èsì wa.